Ọwọ́ Tó Kan Yẹtí Àṣàkẹ́ Kí Ó Tó Dé Etí Ọmọ

Ẹ̀yin ará ilé ní Ìwó, mo ti lọ, mo ti bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí bí Accra ṣe rí, orí lásán ni mo sì ń mì fún yín. Inú ló ń bí mi. Kò tíì rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ tó kí n lè jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Yẹtí méjì ló gbé mi lọ. Góòlù ni wọ́n, wọn kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Àṣàkẹ́, ìyàwó mi tó ti di olóògbé, ló ni wọ́n; bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n rọ wọ́n nígbà tí wọ́n bí i. Ẹni tó lu etí rẹ̀ kò fọ̀ wọ́n kó tó kì wọ́n bọ̀ ọ́. Etí òsì wú, ọyún kún inú rẹ̀, nígbà tó sì jiná, ó fi kókó kan sílẹ̀ tó le bí èkùrọ́. Títí Àṣàkẹ́ fi kú, gèlè rẹ̀ kì í ṣí kúrò ní apá òsì. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó sọ fún mi pé, “Bàbá Mùsírátù, ọmọbìnrin tí Músí bá kọ́kọ́ bí ni kí ẹ fi yẹtí mi sí létí. Ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ dákun, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.”

Mùsírátù, ọmọ wa, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Lagos Town, ní Accra, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò láti ayé baba ńlá wọn. Ó bí obìnrin. Ó pè mí lórí fóònù.

“Bàbá mi, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni nọ́ọ̀sì máa wá lu etí rẹ̀. Ó ní bí yẹtí Mọ́mì bá mọ́, òun á fi sí i. Bí kò bá mọ́, òun á fi tòun tó wà nínú ọ̀rá sí i.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé alẹ́, lẹ́yìn tí mo ti di baba ọmọ. Bí mi ò bá mọ nǹkan mìíràn, mo mọ ìdọ̀tí.

Àwo bàtà

Mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ wọ́n. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun ha ẹ̀yìn wọn, níbi tí òógùn àti ìpara máa ń sá pamọ́ sí. Mo fi sípíríìtì nù wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo fi òwú tó mọ́ wé wọn, mo kó wọn sínú ike kékeré olómorí. Mo rọ sípíríìtì díẹ̀ sínú ìgò kan lọ́tọ̀, tí mo máa fi tún wọn nù tí mo bá débẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ká tó wọ bààlúù, ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ dá mi dúró.

“Bàbá, kí ló wà nínú ike yẹn?”

“Yẹtí ni.”

“Ẹ ṣí i. Ẹ tú òwú yẹn, kí ẹ dà á sínú àwo.”

Àwo tó ń wí ni àwo oníke gbàgẹ̀rẹ̀ tó ń yí lọ lórí ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàtà rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni. Mo rí ẹrẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó, mo rí i.

“Ọmọ mi, bàtà ló jáde nínú àwo yẹn.”

“Gbogbo èèyàn ló ń lò ó, Bàbá.”

“Ìdí tí mi ò fi fẹ́ lò ó gan-an nìyẹn.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ẹnì kan ní, “Bàbá, ṣé yẹtí yín ló fẹ́ fò ni àbí àwa?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó mú òwú náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Mo bi í pé, “Ìbọ̀wọ́ yẹn, kí lo fi kàn kẹ́yìn?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo kúkú wọ ìbọ̀wọ́.”

“Ta ni ìbọ̀wọ́ náà ń dáàbò bò? Èmi àbí ìwọ?”

Ó da yẹtí Àṣàkẹ́ sínú àwo bàtà. Wọ́n ró kẹ́n, kẹ́n. Ó mú ìgò sípíríìtì mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní iná ni èyí, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Òwú náà tẹ̀ lé e.

Mo ti ti ilé ìpẹran pa rí nítorí ohun tó kéré ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, èmi kọ́ ni wolé-wolé. Mo fi etí aṣọ mi ṣa yẹtí méjèèjì padà sínú ike, mo dé e, mo kọjá.

Obìnrin tó jókòó tì mí

Obìnrin kan ló jókòó tì mí nínú bààlúù. Ẹ̀gbà kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, òrùka sì wà ní ìka bí i mélòó kan. Mo ti rí i níbi àwo bàtà. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ padà sára lójú ẹsẹ̀, títí kan yẹtí. Kò nù wọ́n. Ó kì wọ́n bọ etí bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn.

A ò tíì pẹ́ lójú ọ̀run tó fi yọ mítì páì jáde.

“Bàbá, ẹ bá mi jẹ níbẹ̀.”

“Mo dúpẹ́.”

“Àbí ẹ ò fẹ́ràn mítì páì ni?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ ni mi ò fẹ́ràn.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Ọwọ́ tèmi?”

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti bi mí. Mo ní abẹ́ òrùka ni òógùn àti èérí ọṣẹ ń kó sí, àti pé nínú àwo tó kó wọn sí, bàtà ló kọ́kọ́ sùn níbẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin bàbá yìí! Góòlù kì í dípẹtà, ẹ ò mọ̀ ni?”

“Góòlù kì í dípẹtà lóòótọ́. Kòkòrò àrùn ò wá jẹ góòlù. Ó kàn gùn ún bí ẹni gun ẹṣin ni.”

Ó tún rín ẹ̀rín náà, àmọ́ kò gùn bíi ti àkọ́kọ́. Ó fi bébà ìnuwọ́ rẹ̀ nu tábìlì kékeré tó wà níwájú wa, bóyá láti fi hàn mí pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Bébà náà dúdú. Ó wò ó, ó wo mítì páì, ó rọra dì í padà sínú ọ̀rá.

“Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu,” ló wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi balẹ̀.

Mo ní kí òṣìṣẹ́ inú bààlúù fún mi ní omi gbígbóná kí n lè fi fọ yẹtí náà. Ó gbé e wá tòun ti tíì àti ṣúgà, ó sì dúró kó rí i pé mo mu ún. Mo ronú ilé ìtọ̀ wọn, ibi tí apá èèyàn ti ń kan ògiri méjèèjì. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ohun tó máa wọ ara ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹ bá lè fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí ẹ bá mú dání, ẹ dé e pa. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ má fi sára mọ́ títí ẹ ó fi rí omi tó mọ́ àti ọṣẹ. Ẹ má sì fi omi ìfọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun fọ góòlù, yóò bà á jẹ́.

Akwáábà

Accra gbà mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Akwáábà” ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń wí i. Kò sí ẹni tó jágbe mọ́ mi. Wọ́n á ní “ẹ jọ̀ọ́” kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tún ní “ẹ jọ̀ọ́” nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ tán. Mo ní lọ́kàn mi pé ibi tí ojú ti là nìyí.

Aṣọ́bodè kan ń jẹ ẹ̀pà nídìí tábìlì rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ló wà nínú ike. Mo ní yẹtí góòlù. Ó dáwọ́ ẹ̀pà dúró.

“Góòlù? Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ń gbé góòlù bọ̀ ní Gánà?” Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. “Wá wò ó o! Anago yìí pọn omi wá fún òkun.”

Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Bí a bá bọ́ sígboro, wọ́n á tún pè wá ní Alata. Kò sí èébú nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta bíi tèmi kò retí kí wọ́n fún òun ní orúkọ tuntun.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé mo lè wò ó?”

Kí n tó ní rárá, ó ti wà láàárín ìka rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹnìkejì gbà á, ó gbé e sókè sí iná. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ tì, ó ní òun náà fẹ́ rí i. Ó gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ etí ara rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé.

“Ó dára paa!” ni wọ́n ń wí. Wọ́n yìn ín, wọ́n bi mí ti ta ni. Nígbà tí mo ní ti ìyàwó mi tó ti kú ni, gbogbo wọn sún mọ́ mi. “Kosẹ, Bàbá, kosẹ.” Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Aṣọ́bodè náà fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, ó sì tẹríba.

Ẹ̀yin ará ilé, níbi tí mo ti wọkọ̀, ìwọ̀sí ni wọ́n fi dọ̀tí nǹkan mi. Ní Accra, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi dọ̀tí i. Mi ò mọ èwo ló dùn mí jù. Ẹni tó jágbe mọ́ ọ, o lè jágbe mọ́ ọn padà. Ẹni tó tẹríba fún ọ ńkọ́?

Lagos Town

Kàmọ́rù, ọkọ Mùsírátù, ló wá pàdé mi. Ilé wọn wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, àgbàlá kan tí ìdílé púpọ̀ yí ká. Yorùbá ni wọ́n fi kí mi, ṣùgbọ́n àwọn èwe wọn á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lọ́dọ̀ wa, wọ́n á parí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gánà. Àbúrò Kàmọ́rù obìnrin ní, “Bàbá, Yorùbá yín jinlẹ̀ paa, mo gbọ́ ìdajì.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ìyá tó bí baba Kàmọ́rù. Òun ni olórí ilé náà. Ó kéré, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tó ti ọkùnrin méjì.

“Àna wa, ẹ dìde, ẹ dìde! Àyà ẹni tó bí irú Músí kò yẹ kó fara kan sìmẹ́ǹtì.”

Wọ́n gbé kẹ́ńkẹ́ wá, àgbàdo kíkan tí wọ́n fi ewé àgbàdo dì, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣìtọ̀. Ó ta, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lójú ni pé kí oúnjẹ tó kanlẹ̀, abọ́ omi ti dé pẹ̀lú ọṣẹ olómi, olúkálùkù sì fọ ọwọ́ rẹ̀ bí i pé dókítà ń wò ó. Ní gbogbo ibi tí mo jẹun dé ní Accra, bẹ́ẹ̀ ni. Mo yìn wọ́n. Mo tún ń yìn wọ́n.

Mo ra sípíríìtì àti òwú ní ṣọ́ọ̀bù oníṣègùn òyìnbó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo fi ọṣẹ fọ yẹtí náà lákọ̀tun, mo nù ún, mo wé e. Mùsírátù jókòó tì mí, ọmọ wà láyà rẹ̀, irun orí ọmọ náà kún bíi ti ìyá-ìyá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi, ó ti mọ́ báyìí, àbí?” Mo ní ó ti mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn mi balẹ̀ láti ilé.

Àdúrà

Lówùúrọ̀, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà àdúgbò jókòó lórí ẹní, àwọn kan wá láti Mamobi, àdúgbò tó wà nítòsí. Nígbà tí àfáà parí tirẹ̀, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí mi.

“Àna wa, ẹ gbé yẹtí yẹn wá. Ohun tó ti ilé wá kì í wọ ara ọmọ láìgba àdúrà.”

Mo gbé ike náà wá. Mo rò pé wọ́n á gbàdúrà lé e lórí. Ìyá Àgbà ṣí i, ó da yẹtí náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó gbàdúrà gígùn kan, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i: fùùù. Ó fi lé ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Òun náà gbàdúrà, fùùù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí ẹní náà ká. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń wúkọ́ látàárọ̀. Nígbà tó kàn án, mo di ojú mi.

Kí ni mo fẹ́ wí? Àdúrà ni. Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n ń gbà á fún. Mo ń ṣe àmín, mo sì ń ka iye ẹnu tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì wọlé. Ọmọ Alajo, àdúgbò kan ní Accra, ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá; ó gbọ́ èdè wa ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí bí yẹtí ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu.

“Daabi, daabi,” ó ní, ó ń mi orí, èyí ni rárá tiwọn. “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi ìyẹn sí etí bébì. Ẹ sè é nínú omi, àbí kí n lo tèmi.”

Ìyá Àgbà dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. “Ta ló máa fọ àdúrà kúrò lára rẹ̀? Gbogbo wa la ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ wa mọ́, ẹnu wa mọ́.”

“Ìyá, wọ́n mọ́ lójú Ọlọ́run,” mo wí. “Ihò tí abẹ́rẹ́ máa dá lu ni mo ń rò.”

“Ẹ ò fọ̀ ọ́ nínú ilé yìí, àna wa. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ìbùkún wa ni ẹ dà sílẹ̀.”

Mùsírátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún. Nọ́ọ̀sì ti ń tú ọ̀rá tirẹ̀. Irin funfun lásán ló wà nínú rẹ̀. Mo rí etí òsì Àṣàkẹ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan jáde.

“Ìyá, mo fẹ́ bi yín. Bí àfáà bá kọ àdúrà sára wàláà, tó bá fi omi fọ̀ ọ́, ibo ni àdúrà náà ń lọ?”

“Inú omi ni. Ó ti di hàǹtú.”

“Ó ti ṣòfò?”

“Ká má rí i! Mímu là ń mu ún.”

“Ẹ jẹ́ ká fọ yẹtí yìí bí wàláà.”

Àfáà fi irùngbọ̀n rẹ̀ pa ẹ̀rín mọ́. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹ̀yin ará Ìwó! Ẹ̀yin la bá fi ṣe agbẹjọ́rò. Ó dáa, ẹ sè é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: a kì í da hàǹtú nù. Ẹnì kan máa mu ún.”

Wọ́n gbé ìkòkò kékeré ka iná gáàsì ní àgbàlá. Omi hó kùtùkùtù lórí yẹtí náà títí nọ́ọ̀sì fi ní ó tó. Ó fi ohun èlò rẹ̀ yọ wọ́n, ó kó wọn sínú sípíríìtì. Wọ́n da omi náà sínú ife, wọ́n gbé e sáàárín ẹní.

Mo gbé ife náà lọ bá bàbá tó ń wúkọ́. “Ẹ̀yin lẹ ni àdúrà, Bàbá.”

“Háà, ààwẹ̀ ni mo gbà.”

Mo yí sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Dókítà ti ní kó má mu ohun gbígbóná. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn ń wá bàtà rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, “Àgbà tó bá ti tó ọjọ́ orí mi kì í mu omi tí a fi se irin.”

Inú tó ti ń bí mi bọ̀ láti ilé dé góńgó níbẹ̀. “Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí. Atẹ́gùn ẹnu yín dára fún etí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, kò wá dára fún ikùn yín?”

Kàmọ́rù wo ilẹ̀. Ó dájú pé àbúrò Kàmọ́rù tó gbọ́ ìdajì Yorùbá mi gbọ́ gbogbo èyí, nítorí ó fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo gbé ife náà, mo mu ún. Ó gbóná, ó sì ní adùn irin. Mo mu ún dé ìsàlẹ̀, mo dojú ife bolẹ̀ kí Ìyá Àgbà rí i pé kò sí ìbùkún kankan tó ṣẹ́kù.

“Àna gidi,” ló wí, jẹ́jẹ́.

Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan ní apá ọ̀tún, ó ké lẹ́ẹ̀kan ní apá òsì, ó sì wá ọmú lọ. Fún gbogbo ọjọ́ tí mo tún lò ní Accra, mò ń ṣí aṣọ wo etí òsì náà. Inú mi kùn títí mo fi padà sílé. Etí ọmọ kò wú.